Ẹ̀kán Omi Kan Nínú Wáìnì

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé fún mi nínú sákrísì ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì wa, ìyẹn yàrá tí Fadá ti máa ń wọ aṣọ Mísà, ni pé kí n máa lọ aṣọ. Aṣọ funfun kékeré kan wà tí à ń pè ní kọ́pórà. Òun ni wọ́n máa ń tẹ́ sórí pẹpẹ kí wọ́n tó gbé ife àti àwo Mísà lé e. Màmá àgbàlagbà kan tó ti ń tọ́jú sákrísì náà kí n tó dé ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ká a: ìṣẹ́po mẹ́ta láti òkè wá sísàlẹ̀, ìṣẹ́po mẹ́ta láti ọ̀tún sí òsì. Tí ẹ bá tú u tẹ́, ẹ ó rí àpá ìká náà tó pín in sí ojú mẹ́sàn-án. Inú ni wọ́n máa ń ká gbogbo rẹ̀ sí. Mo ní ṣé kò ṣeé ká bí a ṣe ń ká aṣọ ìnujú ni. Màmá ò gbójú sókè. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, tí èérún bá já bọ́ sórí rẹ̀ ńkọ́?"

Wọn ò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n ń bá áyọ́ọ̀nù wọn lọ. Èmi ni mo gbé ọ̀rọ̀ náà délé. Mo ti lé ní ọmọ ọdún 30 nígbà náà. Láti kékeré ni wọ́n ti ṣe ìrìbọmi fún mi, mo mọ Katikísímù, ìwé ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́ Ìjọ, lórí, mo sì ti gba Ara Kírísítì ní ìgbà tí n kò lè kà mọ́. Síbẹ̀, kò sí ìwàásù kan tó tíì bá mi sọ̀rọ̀ bíi ti aṣọ yẹn. Àwọn kan gbà gbọ́ débi pé, lẹ́yìn tí Fadá bá ti ya búrẹ́dì sí mímọ́, èérún rẹ̀ tó kéré jù lọ pàápàá kì í ṣe búrẹ́dì mọ́, Olúwa ni. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ká aṣọ náà sínú, kí ohunkóhun má bàa sọnù. Omi àkọ́kọ́ tí a bá fi ṣan án pàápàá, a kì í dà á sínú gọ́tà. Inú ilẹ̀ ni à ń dà á sí, níbi tí ẹsẹ̀ ò ti ní tẹ̀ ẹ́. Ìgbàgbọ́ ni mo ń fọwọ́ ká lọ́jọ́ yẹn, n kò sì mọ̀.

Kí n sọ ibi tí mo ti ń bọ̀, kí ọ̀rọ̀ náà lè yé yín. Èèpo ni mo ka gbogbo ohun tí ojú ń rí nínú ilé Ọlọ́run sí. Àbẹ́là, tùràrí, omi, òróró, ère, aṣọ Fadá tó ń yí àwọ̀ padà láti ìgbà dé ìgbà: èèpo. Ọlọ́run ni èso inú rẹ̀. Lójú mi, ẹni tó bá gbọ́n á yára bó èèpo dànù kó lè dé ìdí ọ̀rọ̀. Nítorí náà, tí Mísà bá ti bẹ̀rẹ̀, ojú ni mo máa ń dì. Mo rò pé bí mo bá ṣe kọ̀yìn sí ohun tí mo ń rí tó ni màá ṣe sún mọ́ Ẹni tí n kò rí tó. Ohun tí mo máa ń bá níbẹ̀ kò ju èrò ara mi lọ, àti àníyàn ọ̀sẹ̀ tó kọjá.

Kì í ṣe pé wọn ò kọ́ mi. Sákírámẹ́ńtì jẹ́ àmì tó ṣeé fojú rí, tí Kírísítì fi lélẹ̀, tó ń fún wa ní oore-ọ̀fẹ́ tí a kò lè fojú rí. Méje ni wọ́n, mo sì lè kà wọ́n láìmí. Àmọ́ apá kejì gbólóhùn náà nìkan ni mo mú lọ. Augustine Mímọ́, bíṣọ́ọ̀bù Hippo ní Àríwá Áfíríkà, tó kú ní ọdún 430, sọ pé nígbà tí ọ̀rọ̀ bá wá bá ohun tó ṣeé fọwọ́ kàn, ó di Sákírámẹ́ńtì, bí ìgbà tí ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀ bá di ohun tí à ń rí. Ẹ wo bó ṣe to ọ̀rọ̀ náà. Kò ní kí a da omi nù kí ọ̀rọ̀ lè kù. Omi ń bẹ níbẹ̀, ọ̀rọ̀ wá bá a.

Nígbà tí Fílípì sọ fún Jésù pé kó fi Baba hàn àwọn, èsì tó gbà ni pé, "Ẹni tó bá ti rí mi ti rí Baba." Mo ti gbọ́ ẹsẹ̀ yẹn, Jòhánù 14:9, láìmọye ìgbà kó tó wọ̀ mí lára. Fílípì ń wá ohun tí a kò rí, Jésù sì ń fi ojú, ọwọ́ àti ohùn ara rẹ̀ dá a lóhùn. Ẹni yìí kan náà ló tutọ́ sílẹ̀, tó fi itọ́ po amọ̀, tó fi kun ojú afọ́jú. Ká ní ó sọ̀rọ̀ lásán ni, ojú ọkùnrin náà ì bá là. Ó yan itọ́ àti erùpẹ̀. Leo Kìíní, tó jẹ́ póòpù láti 440 sí 461, wàásù lórí Ìgòkè-re-ọ̀run pé ohun tó ṣeé fojú rí lára Olùgbàlà wa ti bọ́ sínú àwọn Sákírámẹ́ńtì. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ọwọ́ tó po amọ̀ yẹn ò tíì kúrò láàárín wa.

Ẹ jẹ́ kí n mú ohun kan ṣoṣo, kí n sì dúró lórí rẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá gbé búrẹ́dì àti wáìnì wá síbi pẹpẹ, ìgò kékeré méjì máa ń wà níbẹ̀, ọ̀kan fún wáìnì, ọ̀kan fún omi. Fadá á da wáìnì sínú ife. Lẹ́yìn náà wọ́n á kán omi sí i, díẹ̀ báyìí, ẹ̀kán kan tàbí méjì. Nígbà mìíràn, síbí kan tí kò ju èékánná lọ ni wọ́n fi ń bù ú. Omi náà á kán, á dá òrùka kékeré sójú wáìnì, òrùka náà á fẹ̀ dé etí ife, ó parí. Àwọ̀ ò yí padà. Ẹni tó jókòó ní ìlà kejì pàápàá lè má mọ̀ pé ohunkóhun ṣẹlẹ̀.

Fadá máa ń gba àdúrà kan sí i, ṣùgbọ́n ohùn jẹ́ẹ́jẹ́ ni, ìdí nìyẹn tí n kò fi gbọ́ ọ rí títí mo fi bẹ̀rẹ̀ sí dúró ti pẹpẹ. Ohun tí àdúrà náà ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé, nípa àṣírí omi àti wáìnì yìí, kí àwa náà ní ìpín nínú ìwà-Ọlọ́run Kírísítì, ẹni tó rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀ láti ní ìpín nínú ìwà-ènìyàn wa. Gbogbo ìtàn ìgbàlà ni wọ́n ń sọ sínú ife yẹn, tí kò sẹ́ni tó ń gbọ́.

Mo padà wá ka ohun tí Cyprian Mímọ́ kọ. Bíṣọ́ọ̀bù Carthage ni, wọ́n sì bẹ́ ẹ lórí nítorí ìgbàgbọ́ ní ọdún 258. Nínú lẹ́tà kan, ó ṣàlàyé pé àwọn ènìyàn ni omi náà, Ẹ̀jẹ̀ Kírísítì sì ni wáìnì. Tó bá jẹ́ wáìnì nìkan la fi rúbọ, Kírísítì á wà láìsí wa. Tó bá sì jẹ́ omi nìkan, àwa á wà láìsí Kírísítì. Ṣùgbọ́n tí méjèèjì bá ti pò pọ̀, kò sẹ́ni tó lè yà wọ́n mọ́. Omi náà ló bá ẹ̀jẹ̀ jáde láti ìhà Olúwa nígbà tí ọmọ ogun fi ọ̀kọ̀ gún un.

Ọdún tí mo ka lẹ́tà yẹn ni iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi. Oṣù 11 ni mo fi wà nílé. Ẹni tó bá ti wà nírú ipò yẹn mọ bó ṣe rí: tí o bá wọ àárín àwọn ènìyàn, á máa ṣe ọ́ bíi pé bí o wà, bí o ò sí, bákan náà ni. Mo dúró ti pẹpẹ lọ́jọ́ Àìkú kan, mo ń wo ẹ̀kán kan ṣoṣo tó bọ́ sínú ife. Kò fi adùn kún wáìnì. Kò mú un pọ̀ sí i tí ojú lè rí. Síbẹ̀ òfin Ìjọ, canon 924, sọ pé a gbọ́dọ̀ fi omi díẹ̀ kún un. Fadá kankan ò láṣẹ láti fò ó. Mo ń wo omi yẹn, mo sì rí ara mi nínú rẹ̀. Kì í ṣe àfiwé ni mo ń ṣe. Mo rí i bí mo ṣe ń rí ọwọ́ mi. Ọwọ́ náà sì gbọ̀n débi pé ìgò mì lọ́wọ́ mi, Fadá sì bojú wò mí.

Láti ọjọ́ náà ni n kò ti di ojú ní Mísà mọ́. Mo wá kíyè sí i pé nínú ìtàn Ẹ́máúsì, ní Lúùkù orí 24, ojú àwọn ọmọ-ẹ̀yìn méjèèjì là nígbà tí Jésù bu búrẹ́dì. Ó ti bá wọn sọ̀rọ̀ jálẹ̀ ọ̀nà, ọ̀rọ̀ náà sì gbóná lọ́kàn wọn, ṣùgbọ́n ọwọ́ tó ń bu búrẹ́dì ni wọ́n fi dá a mọ̀. Mo tún bẹ̀rẹ̀ sí ya àmì àgbélébùú díẹ̀díẹ̀, láti iwájú orí dé àyà, láti èjìká dé èjìká, kí ara mi lè gbọ́ ohun tí ẹnu mi ń sọ. Ohun kékeré ni. Ó yí àdúrà òwúrọ̀ mi padà ju ìwé àdúrà tí mo rà lọ.

Mo ní láti sọ òdìkejì rẹ̀ pẹ̀lú, nítorí mo ṣubú sínú rẹ̀. Nínú oṣù 11 yẹn, ẹ̀rù wọ inú mi. Mo ń bu omi mímọ́ lọ sílé, mo ń wọ́n ọn sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yàrá, ìgbà mẹ́ta-mẹ́ta ní igun kọ̀ọ̀kan. Tí mo bá ṣi kíkà, màá tún un bẹ̀rẹ̀. Mo fi rósárì sábẹ́ ìrọ̀rí, n kò sì fi gbàdúrà. Mo ròyìn rẹ̀ fún Fadá bí ẹni ń ròyìn iṣẹ́ rere. Wọ́n tẹ́tí sí mi tán, wọ́n ní, "Nígbà tó ò ń wọ́n omi yẹn, ta lò ń bá sọ̀rọ̀?" N kò rí nǹkan kan sọ.

Katikísímù Ìjọ tó jáde ní 1992 sọ ọ́ ní ìpínrọ̀ 2111: ẹni tó bá gbára lé ìṣesí òde àdúrà tàbí àmì Sákírámẹ́ńtì nìkan, tí ọkàn rẹ̀ ò sí níbẹ̀, ti bọ́ sínú ìgbàgbọ́ asán. Omi mímọ́ wà láti rán mi létí ìrìbọmi mi, kó sì mú ọkàn mi gbára dì fún oore-ọ̀fẹ́. Kò wà fún mi láti fi de Ọlọ́run lọ́wọ́. Èmi tí mo ti ń bó èèpo dànù tẹ́lẹ̀ ti wá di ẹni tó ń jẹ èèpo. Lójú tèmi, ọmọ ìyá ni àṣìṣe méjèèjì. Nínú ti àkọ́kọ́, mo sá fún ohun tí mo rí; nínú èkejì, mo sá fún Ẹni tó ń bá mi sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ère tí àwọn ènìyàn fi máa ń bi wá léèrè, pé ṣé à ń bọ ọ́ ni, kò jìnnà sí èyí. Ìgbìmọ̀ Nicaea Kejì, ìpàdé ńlá àwọn bíṣọ́ọ̀bù, ti dáhùn rẹ̀ láti 787, pé ọ̀wọ̀ tí a bá fún àwòrán, ọ̀dọ̀ ẹni tí àwòrán náà dúró fún ló ń lọ. Mi ò ní fa ìyẹn gùn.

Ohun tó kọ́ mi jù lọ ṣẹlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn bàbá mi. Àrùn rọpárọsẹ̀ ló kọlù wọ́n. Ó mú apá ọ̀tún, ó sì gba ohùn lẹ́nu wọn. Gbẹ́nàgbẹ́nà ni wọ́n ní gbogbo ayé wọn. Ọwọ́ ọ̀tún tó ti mú ayùn àti òòlù fún ohun tó lé ní 40 ọdún wá ká kò bí ẹ̀ṣẹ́, kò sì ṣí mọ́. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi jókòó tì wọ́n. Mo ń nu ẹnu wọn, mo ń tún ìrọ̀rí wọn ṣe, ṣùgbọ́n n kò fọwọ́ kan ọwọ́ yẹn. Ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí.

Fadá dé ní ọjọ́ kẹta. Wọ́n kọ́kọ́ gbé ọwọ́ lé orí bàbá mi láìsọ nǹkan kan. Lẹ́yìn náà wọ́n ṣí ìgò òróró àwọn aláìsàn, òróró ólífì tí bíṣọ́ọ̀bù bùkún nínú Ọ̀sẹ̀ Mímọ́. Wọ́n fi àtàǹpàkò ya àgbélébùú sí iwájú orí. Wọ́n fi sí àtẹ́lẹwọ́ òsì. Wọ́n gbìyànjú ti ọ̀tún, kò ṣí. Fadá wò mí, wọ́n ní, "Bá mi dì í mú."

Mo mú ọwọ́ bàbá mi. Ó gbóná ju bí mo ṣe rò lọ. Mo tú ìka wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, láti orí ìka kékeré, pẹ̀lú sùúrù, bí ẹni ń tú okùn tó takókó. Nínú àtẹ́lẹwọ́ yẹn ni mo ti rí àpá ibi tí irin iṣẹ́ ti gé wọn kí wọ́n tó bí mi, ibi tí awọ ti yi bíi pákó, àti àwọn ìlà tó jìn. Fadá fi òróró sí i, òróró náà sì wọ inú àwọn ìlà yẹn, ó ń dán. Wọ́n gbàdúrà pé kí Olúwa tó tú wọn sílẹ̀ nínú ẹ̀ṣẹ̀ gbà wọ́n là, kó sì gbé wọn dìde. Bí mo ṣe gbọ́ "gbé dìde", tí mo sì di ọwọ́ náà mú, mo rántí pé ọwọ́ yìí ló gbé mi lọ síbi omi ìrìbọmi, nígbà tí èmi fúnra mi ò tíì lè gbé ọrùn.

Bàbá mi ò dìde lórí ibùsùn yẹn. Ọjọ́ kẹrin lẹ́yìn rẹ̀, ní òwúrọ̀, wọ́n lọ. Ẹnì kan nínú ẹbí bi mí pé ṣé òróró náà ò ṣiṣẹ́ ni. N kò bínú sí i. Ẹni tó fẹ́ràn wọn ló bi í. Ìjọ gbà pé Sákírámẹ́ńtì yẹn lè mú ara dá, tó bá jẹ́ pé ìyẹn ló máa ṣe ìgbàlà ọkàn náà láǹfààní. Ó tún ń fún aláìsàn ní okun, àlàáfíà àti ìdáríjì ẹ̀ṣẹ̀, ó sì ń so ìjìyà rẹ̀ pọ̀ mọ́ ti Kírísítì. Ohun tí mo kà nìyẹn. Ohun tí mo fi ojú mi rí ni pé Kírísítì, tí òun náà ṣe gbẹ́nàgbẹ́nà, tí wọ́n sì kan ọwọ́ rẹ̀ mọ́ igi, wá di ọwọ́ tí èmi ọmọ bíbí inú wọn ń sá fún mú. Ó sì fi ọwọ́ mi ṣe é.

Lọ́jọ́ ìsìnkú wọn, èmi ni mo lọ aṣọ funfun tí wọ́n fi bo pósí. Aṣọ ìrìbọmi ni aṣọ yẹn dúró fún. Àbẹ́là Àjíǹde ń jó lẹ́gbẹ̀ẹ́ pósí, irú àbẹ́là tí wọ́n ti máa ń mú iná fún ọmọ tuntun. Fadá wọ́n omi. Omi, aṣọ funfun, iná: ohun tí wọ́n fi gbà wọ́n wọlé náà ni wọ́n fi ń sìn wọ́n lọ. Bí mo ṣe ń fi áyọ́ọ̀nù na ìká aṣọ náà ní òwúrọ̀ ọjọ́ yẹn, ohùn Màmá ni mo ń gbọ́: tí èérún bá já bọ́ ńkọ́?

Ọ̀sẹ̀ Mímọ́ dé kí omijé tó gbẹ. Ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀ Mímọ́, lẹ́yìn Mísà, wọ́n gbé Ara Kírísítì lọ síbi mìíràn tí wọ́n ṣètò sílẹ̀ fún un. Wọ́n ká gbogbo aṣọ pẹpẹ, ó ku pẹpẹ ní ìhòòhò. Èmi ni mo ṣí ìlẹ̀kùn tábánákù, àpótí tí wọ́n máa ń tọ́jú Ara Kírísítì sí, sílẹ̀ gbayawu, tí mo sì pa fìtílà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Òfin Ìjọ ní kí fìtílà yẹn máa jó tọ̀sán-tòru níbi tí Ara Kírísítì bá wà. Mo ti ń pààrọ̀ àbẹ́là inú rẹ̀ fún ọdún púpọ̀, ó sì ti mọ́ mi lójú débi pé n kò rí i mọ́. Ìgbà tí mo pa á ni mo rí i.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, mo wọlé lọ ṣètò. Mo dé iwájú tábánákù, orúnkún mi ti ń lọ sílẹ̀ bó ṣe mọ́ mi lára, kí n tó rántí pé kò sí nǹkan níbẹ̀. Ìlẹ̀kùn ṣí, inú dúdú. Ó dà bí àga bàbá mi nílé. Mo dúró síbẹ̀ pẹ́. Láti Ọjọ́ Ẹtì Mímọ́ títí di Ìṣọ́-òru Àjíǹde, àgbélébùú ni à ń kúnlẹ̀ fún. Mo yí padà, mo kúnlẹ̀ fún igi náà.

Lóru, wọ́n dá iná tuntun níta. Fadá fín àgbélébùú sára àbẹ́là ńlá, wọ́n fín Álífà sókè rẹ̀, Ómégà sísàlẹ̀, wọ́n sì fín nọ́ńbà mẹ́rin ọdún yẹn sáàárín apá àgbélébùú náà. Wọ́n fi hóró tùràrí márùn-ún gún un, bí ojú ọgbẹ́ márùn-ún. Nọ́ńbà yẹn gún èmi náà: ọdún tí bàbá mi kú ni. Ohun tí Fadá ń sọ bí wọ́n ṣe ń fín in ni pé ti Kírísítì ni ìgbà gbogbo.

Lẹ́yìn Mísà, wọ́n dá èyí tó kù nínú Ara Kírísítì padà sínú tábánákù, Fadá sì ti ìlẹ̀kùn. Àwọn ènìyàn ti ń kí ara wọn níta, ariwo ayọ̀ wọn ń wọlé. Mo fi àbẹ́là tuntun sínú fìtílà, mo sì lọ mú iná lára Àbẹ́là Àjíǹde. Òwú rẹ̀ kọ́kọ́ rú èéfín díẹ̀, lẹ́yìn náà ó gbà. Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn ibẹ̀, mo ń wò ó.